Bí Mo Ṣe Yan Ajá Irin Kejì

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ òsì mi yìí, nítorí ẹsẹ̀ náà kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán mọ́, ẹlẹ́rìí ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wọ̀nyí wá bá mi, ẹ ní olúkúlùkù yín ti ní ẹ̀rọ awárin kan tí ẹ fi ń wá ohun ìṣúra kiri inú ahoro, pé ẹ fẹ́ ra èkejì báyìí, kí n wá sọ irú èyí tí ó yẹ kí ẹ rà. Ẹ ò kúkú ṣìnà. Ta ni ẹ̀ bá tún bi bí kò ṣe èmi Ọdẹ́lékè ọmọ Ọdẹ́gbayì, èmi tí ó jẹ́ pé bí mo bá húkọ́ ní Òkè-Ìdò níhìn-ín, àwọn ẹtu inú igbó yóò máa kí ara wọn pé ó dìgbà ó ṣe? Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún yín pé ẹni tí ẹ ń bi léèrè lè ti ṣìnà tirẹ̀ kí ẹ tó dé.

Kí n má tàn yín, ẹran ti tán nínú igbó. Ọdẹ tí ó bá sọ fún yín pé òun pa àgbọ̀nrín lánàá, ẹ ní kí ó gbé awọ rẹ̀ wá. Àwọn agégẹdú ti gé igi tán, ọ̀bọ pàápàá ti kẹ́rù lọ. Mo wá rí i pé bí n kò bá wá nǹkan ṣe, n ó di ọdẹ tí ń fi ìbọn lé adìyẹ nídìí àgbàdo. Ìgbà náà ni Múkáílà, ọkọ ọmọ mi Àrìnpé, tí ó ń bá àwọn tí ń la títì ṣiṣẹ́, gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wá fún mi. Ẹ mọ bí ó ti rí: ọ̀pá gígùn kan, àwo pẹrẹsẹ kan nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ohun tí a fi ń bo etí bí a bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Bí irin tàbí idẹ bá wà nínú ilẹ̀, yóò ké. Mo wò ó títí, mo ní ajá mà ni èyí, ajá tí kò ní jẹun, tí kò ní bímọ. A kì í sì í fi ajá ọdẹ sílẹ̀ láìlórúkọ. Orúkọ ajá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti ń sọ fún ará ilé ohun tí a kò lè sọ lójú wọn. Mo sọ ọ́ ní Ẹ-jẹ́-n-sinmi, nítorí Fọláwẹ̀ ìyàwó mi, ẹni tí ó gbà pé àgbàlagbà tí ń gbẹ́lẹ̀ kiri, ibojì ara rẹ̀ ni ó ń wá. Bí mo bá ń pe ajá mi ní àgbàlá, ó yé e pé òun ni mò ń bá wí.

Ṣùgbọ́n Ẹ-jẹ́-n-sinmi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ó ń ké sí ìṣó, ó ń ké sí ìdérí sàdíìnì, ó ń ké sí ìdérí ọtí, ó ń ké sí ọkọ́ tí ó ti ṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹni tí ó ni ín. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń ké sí èèpo ọta ìbọn mi, ní gbogbo ibi tí mo ti yìnbọn tí n kò pa nǹkan kan, tí mo sì wálé wá sọ pé mo pa ẹran mẹ́ta. Díẹ̀ ni ó kù kí ajá yẹn tú àṣírí mi fó. Ọjọ́ tí ó wá kọ́bọ̀ oníhò ayé àtijọ́ kan rí fún mi ni mo dárí jì í. Mo fi okùn so kọ́bọ̀ náà mọ́ ọrùn, mo ń yan káàkiri ìlú bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Láti ọjọ́ náà ni wíwá ohun ìṣúra ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀, tí mo fi ń najú, tí n kò sì gbádùn ohun mìíràn mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kọjá fàájì o. Bàbá mi Ọdẹ́gbayì wọ Igbó Elétí-ọfẹ́ nígbà tí mo ṣì kéré, kò sì padà wálé. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí fìlà, wọn kò rí bàtà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìyá mi Àyìnkẹ́ sọ kẹ́yìn ni pé kí ó gbé omi kaná, òun yóò fi ẹran ránṣẹ́. Ìyá mi gbé omi kaná. Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá ni ìyá mi ń gbé omi kaná, bí ó bá hó títí tí ẹnikẹ́ni kò dé, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, yóò dà á nù. Wọ́n ní kí ó fẹ́ ẹlòmíràn, ó ní òun ní ọkọ. Wọ́n ní kí ó wá ṣe opó, ó bi wọ́n pé ta ni ó kú. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí ó ti rí láàrin àwa ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ a ṣí ìpà rẹ̀: a ó gbé ohun èlò ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, a ó yà á kúrò láàrin àwa alààyè, kí ó lè rí ọ̀nà bá tirẹ̀ lọ. A kì í fi ọwọ́ òfìfo ṣí ìpà ọdẹ. Nígbà tí a kò rí ohun kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti bàbá mi, kò lọ, kò bọ̀, ìyá mi náà kì í ṣe abilékọ, kì í sì í ṣe opó. Bí mo ti ń dàgbà, ìró omi híhó yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú.

Nígbà tí iṣu tuntun dé lọ́dún kan, àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, “Ọdẹ́lékè, èmi ti ń palẹ̀ mọ́. N kò fẹ́ dé ọ̀run kí wọ́n bi mí pé ọkọ mi dà, kí n máa wolẹ̀. Ìwọ tí o ń hú ìdérí ọtí nínú ilẹ̀ kiri, lọ wá ohun kan tí ó jẹ́ ti bàbá rẹ wá fún mi, kí wọ́n ṣí ìpà rẹ̀, kí èmi náà sunkún ọkọ mi kí n tó kú.” Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dojú kọ ẹkùn rí, n kò sá. Ọjọ́ yẹn, mo sá. Mo jáde síta, mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri, mo sunkún níbi tí Fọláwẹ̀ kò ti ní rí mi.

Ẹ wá gbọ́ bí orí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi ní ohun kan, kò sọ irú ohun tí ó jẹ́. Èmi ni mo dá a pinnu pé ẹ̀gbà ọwọ́ bàbá mi ni, ẹ̀gbà idẹ kan báyìí tí ó máa ń dán yinrin, tí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Mo ní bí n ó bá mú nǹkan wálé, kí ó jẹ́ ohun tí yóò wu èèyàn wò. Bẹ́ẹ̀, Ẹ-jẹ́-n-sinmi kò mọ idẹ yàtọ̀ sí ìṣó, igbó yẹn sì kún fún irin ogun àtijọ́, orí ọfà, orí ọkọ́, àti ìkòkò irin. Bí mo bá ní kí n máa gbẹ́ gbogbo ohun tí ó bá ké sí, ìyá mi yóò ti kú, èmi náà yóò ti kú, ọmọ mi ni yóò wá máa gbẹ́ ẹ lọ. Nítorí náà, ó yá, ajá kejì. Mo pe Múkáílà. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí àwo rẹ̀ fẹ̀ tí ó ń gbọ́ ohun tó jìn nínú ilẹ̀, tí ó sì wúwo bí ọmọ odó, èyí tí ó lè wọ odò tí omi kò ní bà á jẹ́, àti èyí tí a lè kọ́ pé kí ó má dá irin lóhùn, tí yóò máa wá kìkì ohun pupa bí idẹ àti ohun dídán bí wúrà. Gbogbo ilé dá sí i. Àrìnpé ní kí n mú èyí tí kò wúwo nítorí ọjọ́ orí mi, mo ní orí ta ni ó ní ọjọ́. Fọláwẹ̀ ń ṣa ẹ̀gúsí lọ ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní ẹni tí kò gbọ́ èdè ìyálé rẹ̀, ìyàwó ni ó ń wá kiri. Mo ní owú ni ó ń jẹ. Múkáílà ní òkè òkun ni ẹ̀rọ náà yóò ti wá, kí n ní sùúrù. Àìsàn ìyá mi kò ní sùúrù. Ni mo bá gbé ajá àkọ́kọ́ kọ́rùn, mo forí lé igbó.

N kò ní fi oúnjẹ tí mo jẹ àti ibi tí mo ti sinmi dí yín létí. Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tí mo dé ibi tí àwọn baba wa tẹ̀dó sí kí ogun tó lé wọn, níbi tí ògiri ti wó di òkìtì. Lórí igi àràbà kan tí ó ti ṣubú ni mo ti rí ẹ̀dá kan tí ó jókòó. Ara rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀, ẹ gbà mí, ó fẹ̀ ju ewé kókò lọ. Ó tẹ́ ọ̀kan sábẹ́ ìdí, ó fi èkejì borí nítorí oòrùn. Níwájú rẹ̀ ni ó to ajá irin oríṣiríṣi sí bí ẹni tí ń pàtẹ. Mo yọ ìbọn. Kò tilẹ̀ mira. Ó ní, “Ọdẹ́lékè, kò sí ọta nínú ìbọn yẹn. O gbàgbé rẹ̀ sórí àpótí. Mo gbọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ ń sọ fún ọmọ yín.” Mo sọ ìbọn kalẹ̀ tiyì-tiyì, bí ẹni pé ohun tí mo ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Elétí-ọfẹ́ fúnra rẹ̀ nìyí, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe igbó náà. Kò sí ohun tí a sọ ní Òkè-Ìdò tí kò gbọ́, kò sì sí ohun tí ó bọ́ sọnù nínú igbó tí kò gbọ́ nígbà tí ó kan ilẹ̀.

Mo kí i, mo ní ajá irin kejì ni mo wá yàn. Ó ní òun mọ̀. Ó na ọwọ́ sí èyí tí àwo rẹ̀ fẹ̀, ó ní èyí ń gbọ́ títí dé ibi tí òkú ti ń yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mo gbé e sókè, ìbàdí mi dún. Mo rọra gbé e padà, mo ní àwọ̀ rẹ̀ kò wù mí. Ó na ọwọ́ sí èyí tí ń wọ odò, ó ní ó ń gbọ́ òrùka nínú ikùn ẹja. Mo ní ọdẹ ni mí, n kì í ṣe apẹja. Ó wá gbé ẹ̀kẹta, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, ara rẹ̀ ń dán, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ẹni pé ọwọ́ mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Elétí-ọfẹ́ ní, “Èyí kì í bá irin sọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Òun gan-an ni mò ń wá.”

Ó ṣí etí kúrò lórí kí ó lè rí mi dáadáa. Ó ní, “Ọdẹ ni ọ́, àbí? Irin ni ó bọ́ ọ, irin ni ó fẹ́yàwó fún ọ. O wá ń fẹ́ ajá tí kì í bá irin sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Irin ti sú mi.”

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ó yé yín. Èmi ọmọ ọdẹ, ọmọ ẹni tí ń bọ Ògún lọ́dọọdún, mo dúró ní ọ̀sán gangan láàrin igbó, mo la ẹnu mi, mo ní irin ti sú mi. Gbogbo ẹyẹ dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Ó ní kí òun tó tà á, òun yóò pa àlọ́ kan fún mi. Ó ní àálọ́ o, mo ní ààlọ̀. Ó ní, “Mo gé e jẹ, n kò gbé e mì. Mo dì í mú, n kò bá a jà. Ilé ọ̀gá mi ni mo dì í mú fún.” Mo ronú díẹ̀, kì í ṣe pé mo nílò rẹ̀, mo ní ìyàwó ni. Ó rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń gbá igi pàà, pàà. Ó ní kí n máa lọ, pé ìdáhùn yóò wá mi wá. Nígbà tí a dé orí ohun tí n ó san, mo ki ọwọ́ bọ àpò, ó ní owó kò wúlò fún etí, ìtàn ni òun ń gbà. Ó ní kí n fún òun ní èyí tí mo fẹ́ràn láti máa sọ jù. Háà, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ti ẹfọ̀n ni, bí mo ṣe di ìwo ẹfọ̀n mú létí odò tí mo fi í sọlẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn? Mo tẹ ẹnu bọ etí rẹ̀, mo ń sọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ti jáde lẹ́nu mi kì í sì í padà wá. Nígbà tí mo parí, ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní ó súnmọ́ òótọ́. Ó ní ó tó bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ní kí n sọ ọ́ fún yín, bí mo bá ti dé ibi tí ẹfọ̀n ti yọ báyìí, ọ̀rọ̀ iṣu gbígbìn ni yóò máa ti ẹnu mi jáde.

Mo sọ ajá tuntun náà ní Àṣàyàn. Mo gbé Ẹ-jẹ́-n-sinmi kọ́ ẹ̀yìn, mo ń fi Àṣàyàn nu ilẹ̀ lọ níwájú mi. Ẹ̀yin èèyàn, ayé dùn. Ó dákẹ́ bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa. Mo kọjá lórí ibi tí Ẹ-jẹ́-n-sinmi ì bá ti mú mi gbẹ́lẹ̀ títí ọwọ́ mi yóò fi bó, ìyàwó tuntun kò sọ nǹkan kan. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, mo gbẹ́ ẹ, bọ́tìnnì idẹ ẹ̀wù sójà kan ni. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, ohun tí ó ní láárí nìkan ni ó ń bá mi sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ẹgbẹ́ yóò ṣe yọ̀ mọ́ mi nígbà tí mo bá gbé ẹ̀gbà ọwọ́ yọ, mo tilẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni mo dé ẹsẹ̀ àpáta ńlá kan tí ó yọrí síta bí òrùlé, tí òjò kì í dé abẹ́ rẹ̀. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wọ ibẹ̀, Ẹ-jẹ́-n-sinmi figbe ta lẹ́yìn mi. N kò rántí pa á, àwo rẹ̀ sì ń fì nítòsí ilẹ̀. Mo ní kí ó dákẹ́, mo ní mo mọ̀ pé owú ìyálé ni. Ó tún ké. Mo sún síwájú, ó ń ké kíkan-kíkan bí ọmọ tí ó rí iná tí bàbá rẹ̀ kò rí i. Inú bí mi. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo pa á lẹ́nu mọ́, mo ní, “Ẹ jẹ́ n sinmi.” Mo wá na Àṣàyàn sórí ewé gbígbẹ tó wà níwájú mi. Kò sọ nǹkan kan. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì sí ibi tí kò ti sọ nǹkan kan yẹn.

Gbàù ni mo gbọ́. Tàkúté irin, eléyín bí ọ̀nì, ni ó pa dé mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Bàtà mi kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín lórí ẹsẹ̀ yìí, mo ké pe ìyá mi, mo ké pe Fọláwẹ̀, mo ké pe orúkọ àwọn tí mo jẹ lówó. Ìrora yẹn wọ mí dé ọpọlọ. Mo tẹ apá tàkúté méjèèjì títí, agbára mi kò ká a. Àṣàyàn sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń dán, kò sọ nǹkan kan síbẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ẹ̀yìn igi, àwọn ará ilé Elétí-ọfẹ́, etí ni gbogbo wọn. Wọ́n yí mi ká. Ọ̀kan tẹ itan mi wò, ó ní mo sanra díẹ̀. Elétí-ọfẹ́ dé gbẹ̀yìn, ó wọ́ etí nílẹ̀ tuurutu. Ó ní, “Ọdẹ́lékè, o ti gbọ́ ìdáhùn àlọ́.” Mo ní mo ti gbọ́ ọ, tàkúté ni. Ó wá sọ òfin fún mi, òfin tí kò ṣàjèjì sí mi, nítorí òfin tiwa náà ni: ẹran tí ó bá wà nínú tàkúté, ti ẹni tí ó dẹ ẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìdí tí ọdẹ kọ̀ọ̀kan fi ń gbẹ́ àmì sára tàkúté rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tàkúté tí a kò bá mọ ẹni tí ó ni ín, igbó ni ó ni ẹran inú rẹ̀. Ó ní, “Sọ ẹni tí ó ni tàkúté yìí fún wa. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, àwa ni a ni ọ́.” Àwọn yòókù ti ń jókòó, wọ́n ń tẹ́ etí bí ẹni ń tẹ́ ẹní oúnjẹ.

Òógùn ń bọ́ lójú mi. Mo fi ọ̀bẹ ha ìpẹtà kúrò lára irin náà. Ìpẹtà náà kò pọ̀, ẹni tí ó ni ín ti fi àdín pa á kanlẹ̀, abẹ́ àpáta náà sì gbẹ. Mo ha ẹ̀gbẹ́ kan, n kò rí nǹkan. Mo ha ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ àparò kan yọ, wọ́n gbẹ́ ẹ sínú irin, ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ, n kò tíì rí àmì yẹn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí yóò máa fi àdín pa irin rẹ̀, tí èmi yóò máa fi ìka tọ ẹsẹ̀ àparò náà. Ìrora fi mí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo gbá tàkúté náà mọ́ra pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀, mo bú sẹ́kún, n kò bìkítà ẹni tí ń wò.

Mo ní, “Ọdẹ́gbayì ni ó ni ín. Bàbá mi ni.”

Elétí-ọfẹ́ mi orí. Ó sọ fún mi pé bàbá mi dẹ tàkúté náà tán, ó gun àpáta lọ wo ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já sínú odò tó wà lẹ́yìn àpáta, omi ọjọ́ náà sì kún. Ó ní òun gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ kẹ́yìn. Bàbá mi ní kí ẹnìkan sọ fún Àyìnkẹ́ pé ẹran ń bọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi wá sọ ọ́. Ó ní etí ni Ọlọ́run fún àwọn, kò fún àwọn ní ẹsẹ̀ tí ń wọ ìlú. Ó wá yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní, “Ẹran Ọdẹ́gbayì ni. Ẹ tú u sílẹ̀, kí ó gbé ara rẹ̀ lọ sílé ẹni tí ó ni ín.” Wọ́n kùn, wọ́n ká etí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ apá tàkúté, ó sì yanu. Mo ṣá ewé di ẹsẹ̀ mi. Mo na Àṣàyàn sí Elétí-ọfẹ́, mo ní kí ó gba ọjà rẹ̀, kí ó fún mi ní ìtàn mi. Ó gba Àṣàyàn. Ní ti ìtàn, ó ní kò sí mọ́, òun ti sọ ọ́ fún gbogbo igbó, wọ́n sì ti gbà pé òun ni òun fi ẹfọ̀n sọlẹ̀.

Mo fi tàkúté kọ́ èjìká, mo fi Ẹ-jẹ́-n-sinmi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Bí mo ti ṣe wọ́ dé Òkè-Ìdò, n kò lè sọ. Ìrọ̀lẹ́ ni. Omi ń hó lórí iná, Fọláwẹ̀ ni ó ń bá ìyá mi kóná mọ́ ọn nítorí àìsàn. Wọ́n ti gbé ìyá mi jáde sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, nítorí ó ní àfi kí òun fi ojú òun rí i kí ó hó. Fọláwẹ̀ rí ẹsẹ̀ mi, ó figi iná sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbé tàkúté sílẹ̀ níwájú ìyá mi. Ó na ọwọ́, ó fi ìka wá ìdí irin náà, ó bá ẹsẹ̀ àparò. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀, ó pẹ́.

Ó ní, “Kí ni ó mú?”

Mo ní, “Èmi ni, Ìyá mi.”

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. Omi jáde lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, méjèèjì pọ̀. Ó ní, “Ọkọ mi kì í purọ́. Ó ní òun yóò fi ẹran ránṣẹ́.” Ó ní kí Fọláwẹ̀ sọ omi kalẹ̀. Fọláwẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń lọ dà á nù bí a ti ń ṣe é. Ìyá mi ní kí ó gbé e wá. Ó fi omi tútù là á, ó ya aṣọ ara rẹ̀, ó sì fi omi náà wẹ ẹsẹ̀ mi títí ẹ̀jẹ̀ fi tán.

Ẹgbẹ́ gbé tàkúté náà lọ sínú igbó, wọ́n ṣí ìpà Ọdẹ́gbayì bí ó ti tọ́. Ìyá mi wọ aṣọ opó, ó sunkún ọkọ rẹ̀ ní gbangba, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá a sunkún kò mọ bàbá mi rí. Gbogbo wa ti ń múra sílẹ̀ pé yóò kú báyìí, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí ó ń dúró dè ti dé. Kò kú o. Ó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó ní ebi ń pa òun. Ó jẹun, ó sì ń jẹun títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ti bi mí léèrè ajá kejì. Mo ti dá yín lóhùn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú aláwo fífẹ̀, bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú onítẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ yín ni owó yín wà. Ẹ-jẹ́-n-sinmi ni èmi ṣì ń lò. Lánàá ó bá mi rí ìdérí sàdíìnì mẹ́rin, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtàn yìí ni mo sì ń sọ dípò ti ẹfọ̀n, ohun kan tí ó kàn ń dùn mí nípa rẹ̀ ni pé òótọ́ ni, n kò lè fi nǹkan kan kún un. Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́, ìyá mi ni ó ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, orúkọ tí ó fún mi láti ọjọ́ yẹn ni ó sì ń pè. Ó ní, “Ẹran Ọdẹ́gbayì, omi ti gbóná. Wá bá mi gbé e lọ sí balùwẹ̀, mo fẹ́ wẹ̀.”